Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Resolution Tó Yẹ fún Fọ́tò Tí Ẹ Fẹ́ Tẹ̀ Nílé

Fọ́tò tó ń dán gbinrin lójú fóònù lè jáde lórí bébà kó ṣú bàìbàì, kí etí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sì máa ṣe págunpàgun. Pírńtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n á pààrọ̀ íǹkì, wọ́n á ra bébà tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàbó ni gbogbo rẹ̀ á sì já sí, torí pé pírńtà kọ́ ló ṣẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá fọ́tò á mọ́ kedere lórí bébà: iye píksẹ́lì (ẹyọ àwọ̀ kékeré inú fọ́tò) tó wà nínú fáìlì, bí bébà ṣe tóbi tó, àti bí ojú ẹni tó máa wò ó ṣe máa jìnnà sí i tó. Nọ́ńbà 300 táwọn èèyàn ń tẹnu mọ́, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan, kì í ṣe òfin tó dá dúró. Inú ohun kẹta yìí, bí ojú ṣe máa jìnnà tó, ló ti jáde wá, bí ìyẹn bá sì yí padà, nọ́ńbà náà á yí padà. Torí náà, ọ̀dọ̀ bébà ni mo fẹ́ kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ bí bébà ṣe tóbi tó, tí ẹ sì ti mọ ibi tí fọ́tò náà máa wà, ìṣirò tó kù kò le.

Ẹ kọ́kọ́ ya ppi sọ́tọ̀ kúrò lára dpi

Píksẹ́lì ni ẹyọ àwọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi to fọ́tò inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jọ. Iye rẹ̀ kì í pọ̀ sí i torí pé a gbé fọ́tò sórí bébà ńlá. Ńṣe ló dà bí òwú inú aṣọ: bí a bá na aṣọ náà ju bó ṣe yẹ lọ, òwú kò ní pọ̀ sí i, àlàfo ààrin wọn ló máa hàn síta.

Ppi, tó jẹ́ resolution tí à ń sọ, ni iye píksẹ́lì tó bọ́ sínú íǹṣì kan lórí bébà. Ọ̀rọ̀ fọ́tò nìyẹn. Dpi ni iye ẹ̀kán íǹkì tí pírńtà lè kán sínú íǹṣì kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ lè rí 4800 x 1200 dpi tàbí 5760 x 1440 dpi lára páálí pírńtà, kí ẹ wá máa rò pé fọ́tò yín gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú íǹṣì kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọ̀ íǹkì tó wà nínú pírńtà inkjet, ìyẹn èyí tó ń kán íǹkì sórí bébà, kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Kó tó lè fi ìwọ̀nba àwọ̀ yẹn ṣe àwọ̀ ara èèyàn tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, ó ní láti kán ọ̀pọ̀ ẹ̀kán tín-ín-tìn-ìn-tín sí àyè tí píksẹ́lì kan ṣoṣo ń gbà. Ìdí nìyẹn tí dpi fi ga fíofío ju ppi lọ.

Ẹ wo àwọn pírńtà kéékèèké tó ń fi ooru gbé àwọ̀ wọnú bébà, irú bíi Canon SELPHY. 300 x 300 dpi péré ni wọ́n, síbẹ̀ fọ́tò wọn máa ń jọjú. Ojú kan ṣoṣo lórí bébà wọn lè gba àwọ̀ èyíkéyìí, kó ṣókùnkùn tàbí kó mọ́lẹ̀, kò sí pé wọ́n ń to ẹ̀kán jọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí dẹ́rù bà yín. Ppi ni iṣẹ́ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo iye píksẹ́lì tó wà nínú fáìlì

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Details. Ẹ máa rí Dimensions níbẹ̀. Lórí Mac, ẹ ṣí i nínú Preview, kí ẹ lọ sí Tools, kí ẹ sì tẹ Show Inspector. Lórí fóònù, ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Google Photos tàbí nínú Photos ti iPhone, kí ẹ fi ìka fà á sókè. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì, bíi 4032 x 3024. Òró àti ìbú fọ́tò náà ni. Tí ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 12, ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́gápíksẹ́lì 12 nìyẹn.

Nǹkan méjì wà tí ẹ kò ní jẹ́ kó tàn yín níbí. Àkọ́kọ́ ni MB. Àyè tí fáìlì gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un pọ̀ ni MB ń sọ. Fọ́tò kan náà tó jẹ́ JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, lè gba MB 2 níhìn-ín, kó gba 6 lọ́hùn-ún, kí iye píksẹ́lì wọn sì dọ́gba.

Ìkejì ni 72 dpi tí ẹ lè rí nínú àlàyé fáìlì. Àmì lásán ni. Kámẹ́rà kò mọ bébà tí ẹ fẹ́ lò, nọ́ńbà kan ni wọ́n kàn kọ síbẹ̀. Fọ́tò 4032 x 3024 tí wọ́n kọ 72 sí àti òmíràn tí wọ́n kọ 300 sí kò fi píksẹ́lì ẹyọ kan ju ara wọn lọ. Mo ti rí àwọn tó ń ju fọ́tò dáadáa nù torí 72 yìí, ó sì máa ń dùn mí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu ibi tí fọ́tò náà máa wà

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá nìyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sọ nọ́ńbà tí ẹ nílò. Ojú tó ríran dáadáa lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ tí àlàfo tó wà láàárín wọn bá tó ìdá kan nínú 60 dígíríì kan. Bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí ojú, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo náà gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ sí i kí ojú tó lè rí i. Láti orí èyí, ẹ lè lo ìṣirò kan tó rọrùn: ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín ojú àti fọ́tò pín 8700. Ohun tó bá jáde ni ppi tí ojú kò ti ní lè ka píksẹ́lì mọ́.

Fọ́tò tí a fọwọ́ mú, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ojú, máa fún yín ní nǹkan bíi 350. Èyí tó wà lórí tábìlì, ní sẹ̀ǹtímítà 50, kò nílò ju 175 lọ. Èyí tó wà lára ògiri ní mítà kan, 87. Ibi tí 300 ti wá nìyẹn: fọ́tò tí èèyàn gbé sọ́wọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Àmọ́ ilé yàtọ̀ sí pátákó ìpolówó ojú títì. Nínú ilé, èèyàn kì í jókòó sí ibi tí ẹ ṣírò sí. Ó máa dìde, á lọ tẹjú mọ́ fọ́tò lára ògiri láti wo ojú ẹni tó mọ̀. Nítorí èyí, mi ò fara mọ́ 87 fún fọ́tò ìdílé kankan. Tèmi ni pé kí ẹ wá 300 fún álúbọ́ọ̀mù àti fọ́tò tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, 200 sí 240 fún èyí tó wà nínú férémù lórí tábìlì, kí ti ara ògiri má sì wá sílẹ̀ ju 150 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò

Ẹ fi íǹṣì pín píksẹ́lì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni ẹ fi wọn bébà, ẹ kọ́kọ́ fi 2.54 pín in kó lè di íǹṣì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye píksẹ́lì tí bébà kan ń bèèrè, ẹ fi ppi tí ẹ fẹ́ sọ íǹṣì náà di púpọ̀. Ohun tí àwọn bébà tó wọ́pọ̀ ń bèèrè ní ppi 300 nìyí:

- 4 x 6 íǹṣì: 1200 x 1800
- 5 x 7 íǹṣì: 1500 x 2100
- 8 x 10 íǹṣì: 2400 x 3000
- A4, tó jẹ́ 8.27 x 11.69 íǹṣì: 2480 x 3508
- A3, tó jẹ́ 11.69 x 16.54 íǹṣì: 3508 x 4961

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò 4032 x 3024 wa dán an wò lórí A4. 4032 tí a fi 11.69 pín jẹ́ 345 dín díẹ̀; 3024 tí a fi 8.27 pín jẹ́ 366 dín díẹ̀. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni ẹ máa mú, ìyẹn 345. Ó ti ju ohun tí ẹ nílò lọ. Lórí A3, 4032 tí a fi 16.54 pín jẹ́ nǹkan bíi 244, ó sì dára gan-an fún ara ògiri. Ẹ rí i pé fọ́tò mẹ́gápíksẹ́lì 12 látinú fóònù lásán lè bo bébà tó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ pírńtà ilé lè gbà. Kò sí ìdí láti lọ ra kámẹ́rà tuntun torí A4.

Ẹ tún wo ìrísí fọ́tò, ìyẹn bí ẹ̀gbẹ́ tó gùn ṣe rí sí èyí tó kúrú. Fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4:3, bébà 4 x 6 jẹ́ 3:2, ti 8 x 10 jẹ́ 5:4, A4 sì dá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Tí ẹ bá gbé 4032 x 3024 sórí 4 x 6 kó lè kún bébà, 4032 x 2688 ni yóò kù. Ìlà píksẹ́lì 336 máa lọ láti òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé orí ẹni tó dúró lẹ́yìn tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tó wà níwájú. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gé e kí pírńtà tó bá yín gé e, lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán ni kí ẹ ṣe ìṣirò, kì í ṣe ṣáájú.

Ibi tí píksẹ́lì ti ń sọnù kí fọ́tò tó dé ọwọ́ yín

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ti ń bàjẹ́.

WhatsApp ni ká kọ́kọ́ mú. Tí ẹnì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tó wọ́pọ̀, ó sábà máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù di nǹkan bíi píksẹ́lì 1600. Lórí 4 x 6, 1600 tí a fi 6 pín jẹ́ 266, kò burú. Lórí A4, 137 ló kù, kò sì ní mọ́ kedere lọ́wọ́. Ètò HD inú WhatsApp sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ òun náà lè dín fọ́tò kù. Ẹ sọ fún ẹni náà kó fi í ránṣẹ́ bíi Document. Báyìí ni fáìlì á ṣe dé láìsí pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Ímeèlì tàbí Google Drive náà dáa.

Ẹ má ṣe tẹ fọ́tò tí ẹ fi screenshot mú. Ojú fóònù lẹ yà, ẹ kò ya fọ́tò. Bí fọ́tò náà bá tiẹ̀ ní mẹ́gápíksẹ́lì 50, ohun tí ojú fóònù lè gbé nìkan ni ẹ máa rí, àti pé fọ́tò tó dùbúlẹ̀ kì í gbà ju apá kékeré láàárín lọ. Fọ́tò tí ẹ sì gbà látorí ìkànnì ayélujára tí ẹ kò kọ́kọ́ tẹ̀ kó tóbi lè jẹ́ ẹ̀dà kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Zoom tún wà níbẹ̀. Nígbà tí fóònù bá fi díjítà sún fọ́tò mọ́ ojú ní ìlọ́po méjì, ààrin fọ́tò ló gé, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ó sì mú. Mẹ́gápíksẹ́lì 12 ti di 3, ìyẹn 2016 x 1512. Ó ṣì ń jẹ́ 336 lórí 4 x 6, ṣùgbọ́n lórí A4 kò ju 172 lọ. Ní ìlọ́po mẹ́rin, 1008 x 756 ló kù, kódà 4 x 6 á máa bèèrè ju ohun tó ní lọ. Fóònù kan tiẹ̀ lè fẹ fáìlì náà padà sí 4032 x 3024 kó lè jọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà sí 100% kí ẹ wo irun orí àti ẹyinjú. Tí fóònù bá ní lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún sísún mọ́, ti ìyẹn yàtọ̀; kì í gé nǹkan kan. Ọgbọ́n tó dáa jù ni kí ẹ fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé fóònù tí wọ́n pè ní mẹ́gápíksẹ́lì 48 tàbí 50 sábà máa ń so mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, kó wá fún yín ní nǹkan bíi 12. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń jẹ́ kí fọ́tò dára níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Kí ẹ ṣáà máa fi ohun tó wà nínú fáìlì ṣe ìṣirò, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìpolówó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi nọ́ńbà náà sínú fáìlì, tó bá pọn dandan

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò pọn dandan. Ẹ yan ìwọ̀n bébà, kí ẹ ní kí fọ́tò kún un, ó parí. Tí ìṣirò yín bá fún yín ní 345 tàbí 400, ẹ má ṣe dín in kù sí 300. Pírńtà mọ bó ṣe máa ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, kó lọ sí Image Size, kó yọ àmì kúrò nínú Resample, kó tó kọ 300. Òró àti ìbú ní íǹṣì máa yí padà, píksẹ́lì kò ní yẹ̀. Nínú GIMP, tóun náà jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, Print Size ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Scale Image kọ́ o: ìyẹn ń dá píksẹ́lì sílẹ̀ tàbí kó máa pa wọ́n rẹ́.

Tí píksẹ́lì kò bá tó ńkọ́?

Ẹ dín fọ́tò kù, ẹ má dín bébà. Fọ́tò 5 x 7 tí ẹ gbé sáàárín A4, tí funfun yí i ká, máa ń gbayì nínú férémù, ó sì máa mọ́ kedere ju bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ kún bébà lọ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bébà tí kò dán náà máa ń ṣàánú fọ́tò tí píksẹ́lì rẹ̀ kéré. Èyí tó ń dán máa ń tú àṣírí gbogbo àbùkù.

Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà fẹ fọ́tò. Ọ̀nà àtijọ́ máa ń wo píksẹ́lì tó wà nítòsí, á sì fi tiwọn ṣe èyí tó wà láàárín. Etí nǹkan kò ní ṣe págunpàgun mọ́, àmọ́ ohun tí kò sí nínú fọ́tò tẹ́lẹ̀ kò ní yọjú. Àwọn irinṣẹ́ AI máa ń lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Fún ewé, òkúta tàbí ògiri, kò sí wàhálà. Fún ojú èèyàn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Tó bá jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo tó kù nípa òbí tó ti sùn ni, tí ẹ̀rọ wá fi ojú àti eyín tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, ojú ẹlòmíràn lẹ gbé kọ́ sára ògiri yẹn. Mo fara mọ́ kó kéré kó sì jẹ́ òun, ju kó tóbi kó má jẹ́ òun mọ́ lọ.

Tó bá jẹ́ fọ́tò orí bébà àtijọ́ lẹ ní, skánà ni kí ẹ fi gbé e wọlé. Tí ẹ bá fi skánà sí ppi 300, ó máa jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. 600 máa jẹ́ kí ẹ fẹ òró àti ìbú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Fíìmù 35mm kéré gan-an, mìlímítà 36 x 24 péré. Ní 300, kò ní ju 425 x 283 lọ, kò wúlò fún nǹkan kan. Ní 3000, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 4250 x 2830, ó sì tó fún A4.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pírńtà àti ìdánwò

Nínú ètò pírńtà, ẹ sọ irú bébà tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá fi bébà fọ́tò sí i, tí ẹ sì fi Plain Paper sílẹ̀ níbẹ̀, iye íǹkì tó máa kán sílẹ̀ á yàtọ̀ sí ohun tí bébà náà fẹ́, gbogbo ìṣirò yín á sì ṣòfò. Bébà lásán ní tirẹ̀ máa ń fa íǹkì mu, ẹ̀kán á tàn kálẹ̀, torí náà ẹ kò ní rí èrè 300 lórí rẹ̀. Ẹ yan High tàbí Best fún fọ́tò. Tí ẹ bá yan Borderless, ìyẹn kí fọ́tò kún bébà láìsí funfun létí, ẹ rántí pé ó máa fẹ fọ́tò díẹ̀ kọjá etí bébà, torí náà ẹ má jẹ́ kí ojú tàbí ìka ẹnikẹ́ni sún mọ́ etí jù.

Kí ẹ tó fi odindi bébà A4 tàbí A3 ṣòfò, ẹ gé apá kékeré nínú fọ́tò náà, bóyá ibi tí ojú wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà 4 x 6 ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ nínú fọ́tò ńlá náà. Bí apẹẹrẹ, tí fọ́tò ńlá bá máa jẹ́ 244 ppi, apá 976 x 1464 ni ẹ máa gé fún 4 x 6. Irú bébà kan náà ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ètò pírńtà kan náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ gbé e síbi tí fọ́tò náà máa wà, kí ẹ sì dúró sí ibi tí ẹ ti máa ń wò ó. Tí irun ojú bá hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ odindi rẹ̀. Tí kò bá hàn, tó sì jẹ́ pé fáìlì náà mọ́ kedere ní 100% lójú kọ̀ǹpútà, ẹ mú bébà tó kéré sí i. Tó bá jẹ́ inú fáìlì gan-an ló ti ṣú nítorí pé ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń yà á, iye píksẹ́lì yòówù kó ní kò lè tún un ṣe. Ẹ wá fọ́tò míì tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀dà ni kí ẹ máa gé, kí ẹ máa fẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀. JPEG máa ń pàdánù díẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tún un fi pamọ́, torí náà ẹ fi fáìlì àkọ́kọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n bébà mọ́ orúkọ ẹ̀dà tí ẹ tẹ̀.